Owó ọkọ̀ lórí ọjà: ṣé òun ló ń pa àrà tuntun, àbí òun ló ń bí i?

Ìyá Elélùbọ́ Kubwa · Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ gbé síwájú yín, nítorí pé mo ti rò ó títí, n kò rí ojútùú rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ta èlùbọ́ ní Kubwa níbí. Ṣakí ni mo ti ń kó o, nígbà mìíràn Ìgbòho, mo sì máa ń fi múdù wọ̀n ọ́n fún oníbàárà bí gbogbo ará Àbújá ṣe ń ṣe. Ní èṣí, mo dá àrà kan. Mo ní kí wọ́n bá mi jọ èlùbọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, mo wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá ní kílò kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ewédú gbígbẹ tí a ti lọ̀ lúbúlúbú sínú ọ̀rá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní aago 8 alẹ́ lè gbé omi kaná kí ó sì tètè jẹun.

Ní Kubwa àti Gwarinpa, ọjà náà tà. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láti Kaduna àti Minna. Ìgbà tí mo gbé àpò àkọ́kọ́ dé páàkì ni ojú mi là. Ogún ọ̀rá ni mo kó sínú àpò náà. Ẹni tó ń gba ẹrù kò bi mí ní ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì gbé e lé ìwọ̀n. Ó kàn fi ẹsẹ̀ tì í wò, ó sì dá iye lé e. Nígbà tí mo pín owó yẹn sórí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, tí mo tún ro owó kẹ̀kẹ́ NAPEP tó máa gbé e láti páàkì dé ọ̀dọ̀ oníbàárà mọ́ ọn, gbogbo èrè mi ti bá ọkọ̀ lọ. Mo fi owó lé ọjà, àwọn ará Kaduna ní ó ti wọ́n jù fún àwọn. Mo dáwọ́ dúró.

Nígbà tí mo ròyìn ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, arábìnrin kan ní kí n má bínú sí owó ọkọ̀, pé òun gan-an ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Pé bí owó ọkọ̀ láti Ṣakí kò bá wọ́n ni, èlùbọ́ inú múdù ni ǹ bá ṣì máa tà títí di òní. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdí ọ̀rọ̀ ajé, èwo ni òótọ́ nínú méjèèjì? Àti pé ta ni ìyà rẹ̀ ń jẹ jù, ṣé èmi tí mò ń tà ni, àbí ẹni tó ń rà?

Olùkọ́ Gwagwalada · Ọjọ́ Ajé, 8:25 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀ ajé, inú mi sì dùn pé ẹni tó wà nínú ọjà ló béèrè ìbéèrè yìí.

Paul Krugman, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, yẹ ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ èyí wò nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1979 àti 1980, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí ọrọ̀ ajé ní 2008. Bí mo bá fa èrò rẹ̀ wá sí ọjà Kubwa, bí ó ṣe rí nìyí: kí ọjà tuntun tó délẹ̀, owó kan wà tí ẹni tó dá a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ná, tí kò ní yí padà yálà ó ta ẹyọ kan ni tàbí ẹgbẹ̀rún kan. Owó ẹ̀rọ tí ń lẹ ẹnu ọ̀rá pọ̀ wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni lébẹ́ẹ̀lì, ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC, àti gbogbo èlùbọ́ tó bà jẹ́ nígbà tí ẹ ń dán an wò. Iye ènìyàn tí ọjà náà lè dé ọ̀dọ̀ wọn ni yóò pinnu bóyá owó yẹn á padà wálé. Bí owó ọkọ̀ bá ti sé ọjà yín mọ́ Kubwa àti Gwarinpa, àwọn ará ibẹ̀ nìkan ni yóò máa ru ẹrù tó yẹ kí àwọn ará Kaduna, Minna, Jos àti Lafia bá wọn gbé.

Ìdáhùn mi ni pé owó ọkọ̀ ń pa ọjà tuntun, ó sì ń pa á nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí i. Ìdí nìyí tí ìpalára rẹ̀ fi ṣòro láti kà. Bí owó gàrí bá lé, gbogbo wa la máa kígbe. Ṣùgbọ́n ọjà tí ẹnì kan rò lọ́kàn tí kò lè dá sílẹ̀ kì í hàn nínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni, oníbàárà tí ì bá gbádùn rẹ̀ kò sì ní mọ̀ láéláé pé òun pàdánù nǹkan. Ìgbádùn oníbàárà kò sì mọ sí pé kí nǹkan rọjú. Ó tún kan pé kí ó rí oríṣiríṣi yàn láàyò, èyí tó bá agbára rẹ̀ mu àti èyí tó bá ẹnu rẹ̀ mu.

Ọmọ Ṣakí, Sabon Gari Kano · Ọjọ́ Ajé, 10:02 àárọ̀

Olùkọ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò gbà tán. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè pé kí ni èlùbọ́ fúnra rẹ̀. Bíi ìdá 70 nínú 100 iṣu tútù ni omi. Ẹni tó bá ru iṣu láti oko lọ sí ọjà ọ̀nà jíjìn, omi ló ń rù, omi náà ló sì ń ba iṣu jẹ́ lójú ọ̀nà. Àwọn baba wa bó o, wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n sá a títí ó fi di gbódó tó le koránkorán, tí a lè fi sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí a tó lọ̀ ọ́. Bí ọkọ̀ bá wà nígbà náà tó lè gbé iṣu tútù lọ síbi gbogbo lówó pọ́ọ́kú, ta ni ì bá ṣe gbogbo wàhálà yẹn?

Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé níbí ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹran. Wọ́n ń gé e pẹlẹbẹ bí ìwé, wọ́n ń sá a sórí àkéte, wọ́n ń fi kúlíkúlí àti ata pa á lára, wọ́n sì ń yan án, òun ni kilishi. Ní àsìkò ìkórè tòmátì, ẹ wá wo àwọn obìnrin abúlé tó ń là á sí wẹ́wẹ́ lórí ẹní, nítorí pé bíi ìdá 94 nínú 100 tòmátì ni omi. Mílíìkì oníyẹ̀fun tí a ń rà nínú ọ̀rá kékeré náà ńkọ́? Wọ́n ti fa omi rẹ̀ jáde kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ọjà tuntun nígbà ayé wọn, ìṣòro ìgbérù ló sì sọ ọgbọ́n di dandan. Arábìnrin tó bá ìyá wa sọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ̀bi.

Àjàgbé Zuba · Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin ará. Láti 1998 ni mo ti wà lórí ọkọ̀ àjàgbé, Zuba ni mo sì fi ṣe ibùdó. Mo rí i pé ẹ̀ ń pe owó ọkọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ṣoṣo ni. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Bí mo bá kó èlùbọ́ láti Ṣakí, mo máa ń gba Ìlọrin, Jẹ́bà, Mọ́kwá, Bida, Agaie àti Lapai, kí n tó yọ sí Lambata, kí n sì wọ Suleja. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé dísẹ́ẹ̀lì ń jẹ owó. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni iye táyà tí mo ti sin láàárín Bida sí Lambata, àti iye ojúkò tí a ti ń na owó tí kò ní rìsíìtì jáde láti ojú fèrèsé. Ohun tó wúwo jù lọ ni òfo. Àbújá ń jẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ohun tí a lè kó padà. Bí mo bá já ẹrù tán ní Dei-Dei, mo lè sùn ní Zuba fún ọjọ́ mẹ́rin kí n tó rí ẹrù àpadàbọ̀, nígbà mìíràn ọkọ̀ òfo ni mo ń wà lọ. Nítorí náà owó àlọ àti àbọ̀ ni mo ń gbà lọ́wọ́ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlọ nìkan ni ẹ rí.

Ewu tún wà tí ẹnikẹ́ni kò lè kọ sórí rìsíìtì. Ní oṣù Kẹwàá 2022, nígbà tí omi kún bo ojú ọ̀nà ní Lokoja, ọkọ̀ mi wà lára àwọn tó há síbẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni mo kó. Mo rí i tó pọ́n, mo rí i tó dúdú, nígbà tó sì yá, omi rẹ̀ ń kán sílẹ̀ láti abẹ́ tapólì bí òjò. Àwọn ọkọ̀ epo há síbẹ̀ pẹ̀lú wa, ìdí nìyẹn tí bẹntiróòlù fi wọ́n l'Ábùjá lásìkò náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí òjò bá ti ń pọ̀, mo máa ń fi nǹkan lé owó tí mò ń gbà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìjọba mú owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà fún lítà kan kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ni àwa ń lò, kò sì sí owó ìrànwọ́ lórí rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù ni ọkọ̀ kékeré tó ń kó ẹrù láti oko wá bá wa ń lò, òun náà ni kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e láti páàkì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ń lò, nítorí náà orí àti ìdí ìrìn àjò ló jọ gbóná.

Ní ti ohun tí ìyá wa sọ nípa ẹni tó fi ẹsẹ̀ ti àpò wò, òótọ́ ni. A kì í gba owó lórí iyì ohun tó wà nínú àpò. Iye àpò àti àyè tó gbà la ń wò.

Olùkọ́ Gwagwalada · Ọjọ́ Ajé, 2:50 ọ̀sán

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Gbólóhùn yín tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní 1964, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Armen Alchian àti William Allen, ṣàlàyé ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ iye kan náà lórí ọjà tó dára àti èyí tí kò dára tó o.

Ẹ jẹ́ ká fi èlùbọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní múdù èyí tó kúnná dáadáa jẹ́ 2,000 náírà ní Ṣakí, tí múdù èyí tí kò kúnná jẹ́ 1,000. Ní Ṣakí, ẹni tó ra ọ̀kan nínú èyí tó dára ti fi méjì tí ì bá rà nínú èkejì sílẹ̀. Ká wá ní owó ọkọ̀ dé Àbújá jẹ́ 1,000 lórí múdù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dára di 3,000, èkejì di 2,000. Ní Àbújá, ẹyọ kan àti ààbọ̀ péré ni ẹni tó ra èyí tó dára fi sílẹ̀. Bí a bá fi ojú ara wọn wò wọ́n, èyí tó dára ti rọjú ní Àbújá ju bó ṣe rí ní Ṣakí lọ. Òun ni àwọn alájàpá ṣe máa ń ṣa èyí tó dára kó wá, tí wọ́n á sì fi èyí tó kù sílẹ̀ fún àwọn ará ilé.

Nítorí náà, Ọmọ Ṣakí, mo gbà fún yín dé ìwọ̀n kan. Owó ọkọ̀ tí a ń gbà lórí àpò lè ti oníṣòwò láti mú ọjà rẹ̀ dára sí i, kí ohun tó wà nínú àpò lè tó owó tí a fi gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ọgbọ́n náà kọ̀ sílẹ̀. Tálákà inú Àbújá tó fẹ́ èlùbọ́ olówó pọ́ọ́kú, bí kò tilẹ̀ kúnná, kò ní rí i rà mọ́, nítorí pé kò sí alájàpá tó máa san owó ọkọ̀ lórí rẹ̀.

Onítòmátì Kaduna · Ọjọ́ Ajé, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọjà tuntun kan tí owó ọkọ̀ pa lójú mi, kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ orí ìwé nìkan ni.

Apẹ̀rẹ̀ tí àwọn Hausa ń pè ní kwando ni a fi ń kó tòmátì láti ìhà ibí lọ sí Mile 12 ní Èkó. Àwọn ọmọ ọkọ̀ máa ń to apẹ̀rẹ̀ lé apẹ̀rẹ̀ títí yóò fi ga ju orí ọkọ̀ lọ. Ìrìn náà tó bíi 900 kìlómítà. Ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà nígbà tó bá dé: apẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀ ti tẹ̀, etí rẹ̀ ti gún tòmátì ní ihò, omi pupa ń ṣàn láàárín pákó. Èyí tó bẹ́ ni wọ́n ń ṣà sọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ṣà, tí wọ́n ń tà lówó tí kò tó nǹkan. Iye tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé bíi ìdá 40 nínú 100 tòmátì wa ló ń ṣòfò lẹ́yìn ìkórè. Ojú ẹni tó dúró nídìí ọkọ̀ kò ní jiyàn rẹ̀.

Kéréètì oníke wá dé. Ó ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó lágbára láti ru ẹrù orí rẹ̀, tòmátì inú rẹ̀ kì í tẹ̀. Èmi àti àwọn mẹ́ta kan dáwó, a rà á. Nígbà tí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ẹni tó gbà á ní Èkó pè mí, ó ń dúpẹ́. Ẹ̀ṣà tó bá nínú rẹ̀ kò kún garawa kan. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Kéréètì gbọ́dọ̀ padà wálé. Kwando kì í padà. Ó bá tòmátì lọ ni, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Kéréètì òfo gba àyè tó tó ti kéréètì tó kún, awakọ̀ sì ní kí n sanwó àyè náà. Òótọ́ ló sọ, nítorí pé ó lè fi àyè yẹn kó ẹrù ẹlòmíràn. Nígbà tó di ìrìn kẹrin, owó tí mo fi ń gbé ike òfo wálé ti fẹ́ jẹ èrè tí mo rí lára tòmátì tí kò bà jẹ́ tán, èyí tó kù sínú ọjà lọ́hùn-ún sì ti di ohun tí wọ́n ń kó ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kwando ni gbogbo ọjà fi ń ka iye: owó aláàárù, owó ẹgbẹ́, owó ìyálọ́jà, orí kwando ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó gbé kéréètì dé ń bá gbogbo wọn dúnàá-dúrà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kéréètì tí ń wọ inú ara wọn bí ife ti wà báyìí, tí mẹ́ta rẹ̀ lófo ń gba àyè ẹyọ kan. Ìyẹn lè yí ìṣirò náà padà. Ṣùgbọ́n ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọwọ́ mi sì ti jóná.

Òṣìṣẹ́ Mararaba · Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin tí ẹ ń tà ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni ẹni tó ń rà. Mararaba ni mò ń gbé, Àbújá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Ẹ ní oríṣiríṣi ọjà jẹ́ ìgbádùn. Ní ilé mi, oríṣiríṣi ti di ọ̀rá kéékèèké. Mílíìkì inú ọ̀rá, epo inú ọ̀rá, ọṣẹ inú ọ̀rá. Nígbà tí mo jókòó tí mo ṣírò rẹ̀, ohun tí mò ń san lórí gíráàmù kan nínú ọ̀rá ju ohun tí ẹni tó ra agolo ńlá ń san lọ. Àrà tuntun ni lóòótọ́, ó sì jẹ́ kí n lè rà lónìí, ṣùgbọ́n èmi tí n kò ní ni mò ń san jù.

Ohun tí mo sì fẹ́ kí Olùkọ́ dá mi lóhùn ni èyí. Ní ìparí oṣù Kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta 2021, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá ọkọ̀ oúnjẹ dúró kí ó má lọ sí Gúúsù, ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó ń sunkún lórí owó àlùbọ́sà àti tòmátì, níbí sì rèé, ó ń jẹrà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń bẹ̀ wá kí a rà á. Oúnjẹ kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà. Ó yé mi lọ́jọ́ yẹn pé ọ̀nà ló ń sọ nǹkan di ọ̀wọ́n, kì í ṣe oko. Ó dáa, bí owó ọkọ̀ bá dín kù lọ́la, ṣé owó ọjà máa dín kù fún èmi, àbí inú àpò àwọn alárọ̀bọ̀ ni yóò dúró sí?

Olùkọ́ Gwagwalada · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:55 àárọ̀

Màmá, ìbéèrè yín kò jẹ́ kí n tètè sùn. Àwọn onímọ̀ méjì, David Atkin àti Dave Donaldson, lo iye owó ọjà ní àwọn ìlú Nàìjíríà àti Etiópíà láti wá ìdáhùn sí ohun tó sún mọ́ ọn. Wọ́n rí i pé bí ọ̀nà bá ṣe ń jìn sí i, ohun tó ń fi kún owó ìgbérù níhìn-ín tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti Amẹ́ríkà. Wọ́n tún rí i pé bí ọjà bá rọjú ní èbúté, àwọn ará ìlú tó jìnnà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí nínú rẹ̀. Àwọn alágbàtà ló ń mú ìpín tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀rù yín kì í ṣe lásán. Ọ̀nà tó dára nìkan kò tó bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń kó ọjà wá. Bí ọ̀nà náà bá jẹ́ kí ẹlòmíràn lè wọlé wá bá a díje ni owó náà máa tó bọ́ sí ọwọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ kan fún Onítòmátì Kaduna. Ní 26 oṣù Kẹrin 1956, Malcom McLean, oníṣòwò ọkọ̀ àjàgbé ní Amẹ́ríkà, fi ọkọ̀ ojú omi Ideal X gbé àpótí irin ńlá 58, irú èyí tí a ń pè ní kọ̀nténà, láti Newark lọ sí Houston. Ìṣirò ìgbà náà ni pé kíkó ẹrù tọ́ọ̀nù kan sínú ọkọ̀ ní ọ̀nà àtijọ́ ń ná wọn ní dọ́là 5.86, ti àpótí kò sì tó sẹ́ǹtì 16. Síbẹ̀, ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí àpótí náà tó gba gbogbo ayé, nítorí pé èbúté, ọkọ̀ ojú omi àti tírélà ní láti fẹnu kò lórí ìwọ̀n kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kéréètì yín nìyẹn: ẹ̀yin mẹ́rin péré lẹ yí padà, ọjà tó kù wà lórí kwando.

Ọmọ Ọ̀fà, Kaduna Junction · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:20 àárọ̀

Rélùwéè ni bàbá mi ṣiṣẹ́ sí, mi ò sì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí n dákẹ́. Ní 1912 ni ojú irin láti Èkó dé Kano. Òwú ni àwọn òyìnbó ń retí pé kí àgbẹ̀ Kano kó wá fún àwọn ilé ìhunṣọ wọn. Àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò Hausa ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé ẹ̀pà ló pé àwọn jù ní báyìí tí owó ìgbérù ti já wálẹ̀, ni wọ́n bá kọjú sí ẹ̀pà. Ibẹ̀ ni òkìtì ẹ̀pà Kano tí a mọ̀ ti wá. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọkọ̀ ló sọ ohun tí wọ́n máa gbìn. Ohun tí ọkọ̀ ṣe ni pé ó fún wọn láyè láti yàn.

Ẹ tún wo obì. Láti ìhà Gonja, ní ilẹ̀ tó di Gánà, ni obì ti ń wá sí Kano lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, òun ni a ṣe ń pè é ní gbàǹja. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Yorùbá ní ìhà Agége gbin irú rẹ̀, tí ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé e gòkè, obì ilẹ̀ wa gba ọjà Kano, àwọn tó ń jẹ ẹ́ sì rí i rà lọ́pọ̀ yanturu. Òògùn tí ìyá wa nílò fún Kaduna nìyẹn. Ojú irin tuntun ti wà láti Àbújá dé Kaduna láti 2016, kìlómítà 186, ṣùgbọ́n èrò ni ó ń gbé ju ẹrù lọ.

Òṣìṣẹ́ Mararaba · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:05 ọ̀sán

Ẹ ṣé o. Kí ló dé tí ìjọba kò lè san owó ọkọ̀ oúnjẹ bí wọ́n ti ń san ti epo nígbà kan, kí owó rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo?

Ọmọ Ọ̀fà, Kaduna Junction · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:40 ọ̀sán

Wọ́n dán an wò lórí epo, màmá. Láti 1975 ni àjọ tó ń mú owó epo dọ́gba ti wà, títí òfin epo rọ̀bì 2021 fi gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà rántí pé iye tí wọ́n kọ sórí ìwé kọ́ ni a ń san ní Àríwá níbí nígbà tí epo bá wọ́n. Èrò tèmi ni pé nígbà tí wọ́n ti ń san owó tírélà padà fún ẹni tó gbé epo, kò sí ohun tó ń kán ẹnikẹ́ni lójú láti tún ọ̀pá tí epo ń gbà ṣe, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá ló rọjú jù. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí oúnjẹ, kwando kò ní kúrò lójú ọ̀nà láéláé.

Ìyá Elélùbọ́ Kubwa · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 alẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo dúpẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún ọmọ mi obìnrin, àwa méjèèjì sì jọ sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tó yé mi ni pé òótọ́ ni Ọmọ Ṣakí sọ, òótọ́ náà sì ni ti Olùkọ́, ọjà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí ni kò jọra. Ọ̀nà tó wọ́n ń bí ohun tó gbẹ, tó fúyẹ́, tó lè pẹ́. Ó ń pa ohun tó tutù, tó kéré níye, tàbí tó fẹ́ lọ bá ènìyàn díẹ̀ níbi púpọ̀. Ewédú gbígbẹ mi wà ní ìhà kìíní. Ọ̀rá kílò kan kan tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Kaduna wà ní ìhà kejì, èmi sì ń dá gbé e lọ sí páàkì bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn tó ní ẹrù.

Bàbá Zuba, ẹ ní òfo ni ẹ fi ń kúrò ní Dei-Dei nígbà mìíràn. Ṣé ẹ máa ń gba Kaduna lọ rárá?

Àjàgbé Zuba · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:50 alẹ́

Mo máa ń lọ, ìyá, bí mo bá fẹ́ lọ wá àgbàdo kó sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ òfo ni mo máa ń wà lọ síbẹ̀, nítorí náà ohun tí mo bá gbà lọ́wọ́ yín, èrè ni. N kò ní gbà á lórí ọ̀rá. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú àpò ńlá, ẹ sì wá ẹnì kan tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Kaduna, nítorí pé mi ò lè máa dúró lójúlé lójúlé.

Onítòmátì Kaduna · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:05 alẹ́

Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́bàá ọjà, mo sì ní àyè. Ẹ kó o wá, ìyá, àwọn oníbàárà yín á máa wá gbà á lọ́dọ̀ mi. Bàbá Zuba, bí ẹ bá ń padà sọ́nà ìsàlẹ̀, a máa sọ̀rọ̀ nípa kéréètì òfo mi tó wà ní Ìlọrin.

Ìyá Elélùbọ́ Kubwa · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:20 alẹ́

Mo ní ọ̀rá 140 nílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni èlùbọ́ tuntun máa ti Ṣakí dé, a óò jọ̀ ọ́ lóru ọjọ́ náà. Bàbá, ọjọ́ wo lẹ ń lọ, kí n mọ iye àpò tí n óò rán?

Àjàgbé Zuba · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:22 alẹ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun àárọ̀.